Àgbálùmọ̀ Méjì, Ọsàn Kan

Bí mo bá ti gbọ́ òórùn àgbálùmọ̀ báyìí, yàrá Àǹtí mi ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ni ọkàn mi ń sá lọ.

Èmi àti Màmá wá kí i láti Ọ̀yọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ìdánwò kẹ́mísírì ló ń múra fún. Ó fi igi ìgbálẹ̀ so àgbálùmọ̀ méjì, ọsàn kan àti ata rodo mẹ́fà pọ̀ bí átọ́ọ̀mù; ọsàn wà létí. Ó tú u, ó tún un so, ọsàn bọ́ sáàárín.

"Ọtí ni ti àkọ́kọ́. Gáàsì nìyí. Bẹ́ẹ̀ C₂H₆O la fi ń kọ méjèèjì."

"Kí ló wá yàtọ̀, Àǹtí?"

"Lẹ́tà ń sọ iye tó wà níbẹ̀. Igi ló ń fi ẹni tó so mọ́ ẹni hàn."

Ni ìyá àfẹ́sọ́nà Àǹtí bá wọlé láìròtẹ́lẹ̀. Ó wò mí, ó wo Àǹtí, ó tún wò mí.

"Ọmọ ta nìyí?"

Màmá yára dáhùn: "Èmi ni mo bí i. Àbíkẹ́yìn mi ni."

Igi dá mọ́ Àǹtí lọ́wọ́, ata rodo yí lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ojú rẹ̀ pọ́n; mo rò pé ata ló ta á lójú.

Mo ti wọlé ọkọ kí n tó mọ̀ pé Àǹtí ló bí mi.

Lọ́jọ́ náà, ṣe ni mo rá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ṣa ata, mo kó o lé e lọ́wọ́.

"Àǹtí, ó pé. Ẹyọ kan ò sọnù."