Ohùn Màmá Mi Nínú Fíìmù Amí

Màmá mi ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́ títí ó fi kú, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ṣe fíìmù. Fíìmù amí ni, ti àsìkò ogun, owó tí wọ́n sì fi ṣe é kò tó nǹkan. Igi ni wọ́n gbẹ́ ṣe ìbọn, wọ́n wá kùn ún ní dúdú. Ṣójà kan wọ sálúbàtà. Màmá mi ní ẹni tí wọ́n yìnbọn pa láàárọ̀ ló tún ń bèèrè omi tútù lọ́wọ́ òun lọ́sàn-án.

Inú ọjà tó ti ń tajà ni wọ́n ti ya apá tirẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì pọ̀. Amí á sá pamọ́ sẹ́yìn agbọ̀n ẹja rẹ̀, ọ̀gá ṣójà á sì bi í bóyá ó rí àjèjì kan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ fún un le bí ẹja gbígbẹ, ó ní ẹnu òun kò gbà á. Ó sọ tirẹ̀: “Ẹja ni mo wá tà, n ò wá wojú ẹnikẹ́ni.” Ó fa ohùn bí ará Ẹ̀pẹ́ ṣe ń fà á. Gbogbo ìgbà tó bá pè mí lórí fóònù ló ń tún un sọ, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín.

Ó kú kí fíìmù náà tó jáde. Mùsùlùmí ni wá, ọjọ́ náà gan-an la sin ín. Kí n tó ti Ìkòròdú débẹ̀, wọ́n ti kírun sí i lára. Fọ́tò rẹ̀ pọ̀ nílé, àmọ́ kò sẹ́ni tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Mo wá fọkàn sí fíìmù náà.

Owó tán lọ́wọ́ wọn, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó parí rẹ̀. Ọmọbìnrin mi tí mo pọ̀n lọ síbi ìsìnkú ti ń lọ iléèwé nígbà tí wọ́n gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ wò ó ní yàrá wa ní Agric, ní Ìkòròdú. Màmá mi yọ, ó la ẹnu, ohùn obìnrin mìíràn ló jáde, ó mọ́ tónítóní bí ti oníròyìn rédíò.

Mo pe olùdarí fíìmù náà. Ó bẹ̀ mí, ó ní jẹnẹrétọ̀ ilé yìnyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ló bo ohùn màmá mọ́lẹ̀, màmá ò sì sí láyé mọ́ láti tún un sọ. Mo ní kó fún mi ní èyí tó bàjẹ́ náà, tòun ti ariwo rẹ̀. Ó ní àwọn ti pa á rẹ́ kí àyè lè gba fíìmù mìíràn. Inú bí mi, mo gé fóònù náà. Omi dànù, agbè tún fọ́.

Ọmọ mi bi mí bóyá bí ìyá àgbà ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo ní rárá. Mo pa ohùn fíìmù náà, mo dá a padà síbi tí màmá mi ti yọ. Bó ṣe la ẹnu, mo bá a sọ “Ẹja ni mo wá tà,” mo fà á bó ṣe máa ń fà á.

Ọmọ mi wò mí. Ó ní, “Mọ́mì, ohùn tiyín ṣì nìyẹn.”

Mo tún gbìyànjú. Ohùn tèmi náà ló tún jáde.