Àsíá Mẹ́ta Lẹ́nu Géètì Ilé-iṣẹ́ Páálí

Aago méje àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún, ní ọjọ́ Ajé, ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí a fi ń kọ orúkọ àlejò wà lọ́wọ́ mi lẹ́nu géètì, ìdí nìyẹn tí àkókò náà fi dá mi lójú. Bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ wa gbé òyìnbó mẹ́ta dé láti òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni àkọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹnì kejì sọ̀ kalẹ̀. Ẹnì kẹta gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó gbójú sókè wo bánà tí a fi kí wọn káàbọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ náà padà sínú bọ́ọ̀sì, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Èmi ni mo ṣe bánà náà.

Páálí ni a ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ wa ní Ṣàngó-Ọ̀tà: páálí ọṣẹ, páálí bisikíìtì, páálí oògùn. Akọ̀wé ni mí níbẹ̀, mo sì ń lo oṣù kẹrin mi lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ nípa bí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ń bá ara wọn lò ni mo kà ní yunifásítì. Sloféníà ni mo fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Yúróòpù, àti bó ṣe ń dá sí aáwọ̀ àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní Bálkánì. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ ni pé kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù rẹ̀. Olùkọ́ mi fi bírò pupa kọ ọ̀rọ̀ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn yẹn: "Ẹ̀rí dà?" Mi ò ní ẹ̀rí kankan. Mo yọ ọ́ kúrò.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ wa wá ra ẹ̀rọ tuntun láti Sloféníà, máníjà ní, "Ìwọ lo kàwé nípa wọn, ìwọ ni kó o máa tọ́jú wọn." Àwọn mẹ́ta ló ń bọ̀ wá to ẹ̀rọ náà. Janez ni olórí wọn, ọmọ Sloféníà, ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún lójú mi. Goran wá láti Sẹ́bíà, Besnik wá láti Kósófò. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í gba àlejò ńlá láìsí bánà. Mo lọ sí Ìyànà Ìyẹsí, mo ní kí àwọn atẹ̀wé tẹ "Ẹ káàbọ̀" gàdàgbà, kí wọ́n sì fi àsíá orílẹ̀-èdè àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ara Sẹ́bíà ni Kósófò ti yapa lẹ́yìn ogun. Mo mọ̀ pé Sloféníà gbà pé orílẹ̀-èdè ni, àti pé Sẹ́bíà ò gbà títí di òní. Orí kejì iṣẹ́ mi ló wà. Èrò mi nígbà tí mo ń yan àsíá ni pé àwọn mínísítà lọ̀rọ̀ náà ń dùn, kò kan àwọn tó ń fi sípánà ṣiṣẹ́. Mi ò bi ẹnikẹ́ni.

Alhaja Simbiat dúró tì mí nígbà tí ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì pa dé. Àwọn ni súpáfáísọ̀ àwọn obìnrin méjìlá tó ń di páálí. Aládùúgbò wa ni Alhaja ní Joju, àwọn ni wọ́n sì sọ fún ìyá mi pé ilé-iṣẹ́ ń wá akọ̀wé. Ẹ̀rọ àtijọ́ ti kú, ilẹ̀ ni àwọn obìnrin méjìlá náà ń gbá láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Máníjà ti sọ ọ́ ní gbangba: bí wọn ò bá fọwọ́ sí ẹ̀rọ tuntun yìí títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, kí àwọn méjìlá má wulẹ̀ padà wá ní ọjọ́ Ajé.

"Bàṣírà, kí ló ṣe òyìnbó yẹn?"

"Àsíá ni, mà."

"Àsíá ta ni?"

"Ti ẹnì kejì rẹ̀."

Wọ́n wo bánà náà láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣé àsíá ló máa bá wa di páálí ni? Já a wálẹ̀ jàre."

Mo já a. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá lẹ́yìn náà, Goran sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀rọ náà gùn. Bébà á gba ẹnu rẹ̀ wọlé ní pẹlẹbẹ, á sì gba ìdí rẹ̀ jáde ní páálí. Kí ó tó lè ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu, ẹnì kan nídìí, kí àwọn méjèèjì sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Besnik wà lẹ́nu, Goran wà nídìí, wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Janez sọ fún mi pé Besnik gbọ́ èdè Goran dáadáa. Mi ò lè jẹ́rìí sí i, torí mi ò rí i kó dáhùn lẹ́ẹ̀kan.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń rìn nìyẹn.

"Sọ fún un kó dín eré kù," Goran á wí.

Màá rìn lọ. "Wọ́n ní kí ẹ dín eré kù."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ."

"Sọ fún ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ pé ọwọ́ rẹ̀ ni kò yá."

Màá rìn padà. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, mi ò jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rán mi. Mo ní Besnik ti gbọ́.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn òṣìṣẹ́ ti sọ mí ní Yúẹ́ẹ̀nì, ìyẹn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Mùfú, awakọ̀ wa, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. "Yúẹ́ẹ̀nì, ẹ kú ìrìn o! Ṣé ìbọn ti dákẹ́ lóhùn-ún?"

"Wọn ò tíì yìn ín."

"A jẹ́ pé owó oṣù yín tọ́ sí yín."

Janez gan-an ti ṣe irú iṣẹ́ náà rí. Ó wà lára àwọn ọmọ ogun tí ìjọba rẹ̀ rán lọ ṣọ́ àlàáfíà ní Kósófò. Mo bi í léèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀.

"Mò ń rìn," ó ní. "Láti orí afárá kan dé òdìkejì rẹ̀, láti òdìkejì padà."

"Ìrìn nìkan?"

"Ẹsẹ̀ máa ń dùn mí. Kò sẹ́ni tó yìnbọn nígbà tí mo ń rìn. Mi ò lè sọ pé tìtorí mi ni."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó kẹ́yìn yẹn ni mo fi mọ̀ pé èèyàn gidi ni.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rọ náà yọ páálí tó dúró ṣánṣán. Fọ́ọ̀mù ló wá kù. Ilé-iṣẹ́ tiwọn ló fi í ránṣẹ́: orúkọ, orílẹ̀-èdè, ìbuwọ́lùwé. Ẹni méjèèjì tó to ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, wọn ò sì ní gbà á bí àyè kankan bá ṣófo. Besnik kọ "Kósófò" sí àyè orílẹ̀-èdè. Goran gbé bírò sílẹ̀.

"Bí mo bá fọwọ́ sí ìwé yìí, mo gbà nìyẹn."

Janez ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nípàdé àwọn ìjọba. Wọn á fi ìràwọ̀ kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà, wọn á sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ìràwọ̀ yìí kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni gbà tàbí kò gbà.

"Ilé mi kì í ṣe ìràwọ̀," Besnik dáhùn.

Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ mọ́ bá wa. A kírun Jímọ̀ tán, fọ́ọ̀mù náà wà bó ṣe wà. Àwọn obìnrin méjìlá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ọ́fíìsì. Alhaja Simbiat wọlé wá bi mí léèrè ohun tó ń dá wa dúró. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Alhaja ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n jáde, wọ́n gbé ìwé wọn wá, èyí tí wọ́n fi ń pe orúkọ àwọn obìnrin láràárọ̀.

"Wo ibí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débí, ìlú oníkálukú ni mo fi ń kọ wọ́n sílẹ̀. Àwọn Àwórì ní àwọn ló nilẹ̀, kí orúkọ àwọn wà lókè. Àwọn Ẹ̀gbá ní lókè ibo? Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, a ò di páálí kan ṣoṣo. Mo bá pa ìlú rẹ́. Ibi tí o dúró sí nídìí tábìlì ni mò ń kọ. Ìyẹn ò ṣeé bá èèyàn jiyàn; gbogbo wa la kúkú rí ẹ níbẹ̀."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Janez. Ó bọ́ síta pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tó padà, ó ní kí n tún fọ́ọ̀mù náà tẹ̀, kí n yọ "orílẹ̀-èdè", kí n fi "ibi iṣẹ́" rọ́pò rẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́. Besnik: ẹnu ẹ̀rọ. Goran: ìdí ẹ̀rọ. Mo ń retí kí ẹnì kan jà nítorí ìdí. Kò sẹ́ni tó jà. Ohun tí Goran bi wá ni pé ta ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

"Bébà ò gba ìdí wọlé," Alhaja dáhùn.

Besnik fọwọ́ sí i. Goran fọwọ́ sí i. Aago mẹ́rin ààbọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Janez rọra bi mí bóyá mínísítà ni ìyá náà tẹ́lẹ̀ rí. Mo ní rárá, súpáfáísọ̀ ni.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo bá wọn wọ bọ́ọ̀sì dé Tóògéètì Ṣàngó. Níbẹ̀, Goran na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, ó ra ẹ̀pà ọlọ́ràá méjì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀kan. Ó gbé ìkejì sórí ìjókòó, láàárín òun àti Besnik, ó sì kọjú síta. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀pà náà ṣì wà níbẹ̀. Mùfú, tó wà wọ́n dé pápákọ̀ òfúrufú, sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ò bá a níbẹ̀ nígbà tí òun ń gbálẹ̀ bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n Mùfú náà fẹ́ràn ẹ̀pà.

Ó ń sọ kiri pé mo parí ogun Bálkánì. Mi ò ní ẹ̀rí ìyẹn. Ní aago méje àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ nígbà tí Alhaja Simbiat ṣí ìwé wọn tí wọ́n sì ń pe orúkọ. Obìnrin méjìlá ni wọ́n pè. Mo kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń dáhùn. Méjìlá ló dáhùn.