Àdúà Ìrìnàjò Nínú Bàálù Tí Kò Lọ Ibì Kankan

Ní ilé-kéú tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Ìwó, Ààfáà wa kì í jẹ́ kí á ka àdúà ìrìnàjò ní ìdúró. Ìbáà ṣe kẹ̀kẹ́ lo fẹ́ gùn, ìbáà ṣe mọ́tò, kọ́kọ́ jókòó dáadáa kí o tó la ẹnu. "Ẹni tí kò tíì jókòó kò tíì wọkọ̀," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí. Ẹni tó bá kà á ní ìdúró yóò tún un kà, yóò sì gba pàṣán lé e. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò ní Ìwó. Mo ti di bàbá ọlọ́mọ ní Toronto, ṣùgbọ́n ohun tí a fi pàṣán kọ́ mi kò kúrò lára mi. Bí mo bá wọ ọkọ̀ ojú irin subway tí kò sí àyè ìjókòó, ọkàn mi kì í balẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi dìde.

Iṣẹ́ wa ni láti to ìjókòó sínú bàálù tuntun. Ibi iṣẹ́ náà kò jìnnà sí Brampton. Bàálù yóò dé ọ̀dọ̀ wa bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ tí kò tíì ní bẹ́ẹ̀dì. Àwa la máa to àga sí i, àwa la máa fi ìbòrí bo àjà rẹ̀, tí a ó sì so iná mọ́ ọn. Kí wọ́n tó fà á lé ẹni tó rà á lọ́wọ́, wọn yóò wọ́ ọ lọ sí ọgbà kan tí ògiri gíga yí ká nítorí ariwo, wọn yóò sì tan ẹ́ńjìnì rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi máa gbọ̀n. Kò ní gbéra, kò ní lọ ibì kankan. Yóò kàn dúró sójú kan, yóò máa bú ramúramù. Àwa yóò wà nínú rẹ̀, a ó máa tẹ́tí sí àga tó ń mì àti ìbòrí tó ń ké.

Òfin ni pé kí gbogbo ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ jókòó kí ó sì de bẹ́líìtì. Ṣùgbọ́n ta ló ń jókòó? Kí lèèyàn fẹ́ fi bẹ́líìtì ṣe nínú bàálù tó dúró gbọn-in? Gbogbo àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ a máa rìn káàkiri pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Èmi nìkan ni mo máa ń jókòó, kì í sì í ṣe nítorí òfin. Nítorí àdúà ni.

Ẹnì kan wà lára wọn tí mò ń pè ní Ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, díákónì sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́ náà, tí n kò ní mọ́tò, àwọn ló ń gbé mi lọ tí wọ́n ń gbé mi bọ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn. Bàtà yìnyín tí mo kọ́kọ́ wọ̀, tiwọn ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀ràn bá di ti àdúà mi, wọn kì í fi mí lọ́rùn sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, èmi àti Ẹ̀gbọ́n nìkan la wà níbi àwọn ìjókòó. Bí mo ṣe jókòó tí mo de bẹ́líìtì, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

"Ààfáà, ó tún ti ń lọ. Ṣé Mẹ́kà là ń lọ lónìí ni, àbí Ìwó?"

"Ibi tí Ọlọ́run bá gbé wa dé ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ọlọ́run ò ní gbé ọ dé ibì kankan. Bàálù yìí ò tíì ní epo tó lè gbé e dé Oakville."

"Ẹ ṣáà jókòó kẹ́ ẹ bá mi ṣe àmín."

Lójoojúmọ́ wọn a máa rẹ́rìn-ín, wọn a sì bá tiwọn lọ, wọn a lọ dúró níwájú lẹ́bàá àpótí irinṣẹ́ wa. Ṣùgbọ́n òtútù ọjọ́ náà ti wọ inú orúnkún wọn. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì jókòó tì mí. Mo na ọwọ́, mo fa bẹ́líìtì, mo dè é mọ́ wọn níkùn.

"Kí lo ń ṣe?"

"Ààfáà mi ní ẹni tí kò bá jókòó dáadáa, àdúà náà ò kàn án."

"Ààfáà tìrẹ yìí, ẹ jọ ya wèrè ni." Ṣùgbọ́n wọn kò tú u. Mo ka àdúà mi tán. Wọ́n ní, "Àmín o, ará Mẹ́kà."

Ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo wo ìta láti ojú fèrèsé, mo rí i pé ògiri ń rìn. Mo ń rò ó lọ́kàn pé ògiri kì í rìn, nígbà tí àga fà mí sẹ́yìn tipátipá. Lẹ́yìn náà ni gbogbo nǹkan dún gbàù, bẹ́líìtì gé mi níkùn bí ọ̀bẹ, imú bàálù sì gòkè bí ẹṣin tó ń fò sókè. Eruku bo ojú wa. Ọ̀kan nínú ìbòrí àjà já, ó sì bọ́ lu Ẹ̀gbọ́n lórí.

Mo pè wọ́n. Wọn kò dáhùn. Mo tún pè wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn gba etí wọn sọ̀ kalẹ̀, ojú wọn sì wà ní pípadé. Nígbà tí àwọn panápaná gun àkàbà wọlé, wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń gbìyànjú láti tú bẹ́líìtì wọn, tí kò sì tú.

A gbọ́ lẹ́yìn náà pé wọn kò fi nǹkan há àwọn táyà, wọ́n sì ti tú bíréèkì sílẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì ń sáré, ni bàálù bá sáré lọ gun ògiri. Àwọn méjì tó wà ní ibi ìwakọ̀ fara pa, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi jáde. Àpótí irinṣẹ́ tí Ẹ̀gbọ́n máa ń dúró tì, ó ti fò lọ lu ilẹ̀kùn iwájú, ó ti di pẹlẹbẹ. Mo wò ó, mo sì yí ojú kúrò.

Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Burlington. Inú aṣọ iṣẹ́ ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n dé ọsibítù tí a gbé ọkọ wọn lọ. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ṣé ó sọ̀rọ̀?"

"Wọ́n ṣe àmín, mà. Òun ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ gbẹ̀yìn."

"Àmín?" Wọ́n wò mí títí. "Sí àdúà tìẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Àwọn dókítà ti la orí Ẹ̀gbọ́n kí ẹ̀jẹ̀ tó dì síbẹ̀ lè jáde, wọ́n sì ní kí á máa retí bóyá wọn yóò jí.

Ìròyìn ti dé Ìwó kí n tó dé ilé. Ẹnì kan ti sọ fún màmá mi pé bàálù já pẹ̀lú mi. Nígbà tí mo pè wọ́n lórí fóònù, wọn kò gbà pé èmi ni.

"Bó bá jẹ́ ìwọ ni, ka Fátíhà kí n gbọ́."

Mo kà á. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin, wọ́n sunkún, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà.

"Níbo lò ń lọ tí o ò sọ fún mi?"

"A ò lọ ibì kankan, Màámi. Wọ́n ń dán bàálù wò lórí ilẹ̀ ni."

"Bàálù tí kò gbéra, báwo ló ṣe ní jàǹbá?"

"Bí ilé ṣe ń wó lu ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ ni, Màámi."

Mo sọ fún wọn bí èmi àti Ẹ̀gbọ́n ṣe jọ jókòó, wọ́n ní, "Ẹni tí ẹ jọ jókòó ńkọ́?"

"Wọn ò tíì jí."

"Má tíì ṣe sàráà o. Ẹ̀yin méjì ni Ọlọ́run kó yọ. Ọpẹ́ ẹnì kan á dà bí ìgbà téèyàn jẹ oúnjẹ ọ̀rẹ́ ẹ̀ mọ́ tiẹ̀."

Ìyàwó mi ti lọ ẹ̀wà tí a fẹ́ fi din àkàrà sàráà. Ó dà á sínú ike, ó gbé e sínú fíríísà. Àwọn èèyàn ń wá láti Brampton àti Oakville, wọ́n ń kí wa, "Ẹ kú ewu, ẹ kú orí ire." Àwọn ará mọ́ṣáláṣí wá, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Ẹ̀gbọ́n náà wá. Mò ń dá wọn lóhùn pé a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í jáde tán lẹ́nu mi. Bí mo bá ṣí fíríísà láti mú omi, ike ẹ̀wà yẹn ni mo máa ń rí. Ní gbogbo ìrun, orúkọ díákónì kan ni mo ń pè níwájú Ọlọ́run.

Lẹ́yìn Jímọ̀ kan, bí mo ṣe ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ìyàwó Ẹ̀gbọ́n pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ó jí. Ó ní kí n bi ọ́ léèrè bóyá ẹ ti dé Mẹ́kà."

Mo padà wọlé pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà ni mo bọ́ ọ, mo sì forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run Ọba. Alihamúdù lílàhí.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó mi yọ ẹ̀wà yẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í din àkàrà. Kò pẹ́ tí èéfín fi kún inú condo wa, tí ago tó ń kìlọ̀ èéfín lára àjà bẹ̀rẹ̀ sí í han. Ọmọbìnrin wa gun orí àga, ó ń fi táwẹ́ẹ̀lì fẹ́ ẹ. "Mommy, the whole building is going to come out!" Ìyá rẹ̀ ní, "Jẹ́ kí wọ́n jáde. Àkàrà tó fún gbogbo wọn wà níbí." Lóòótọ́, aládùúgbò méjì kan ilẹ̀kùn, a sì fún wọn. A gbé ìyókù pín sí mọ́ṣáláṣí wa àti ṣọ́ọ̀ṣì Ẹ̀gbọ́n.

Èmi ni mo lọ gbé Ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ tí ọsibítù dá wọn sílẹ̀. Wọ́n ti rù, wọ́n ti fá orí wọn, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Ìyàwó wọn jókòó sẹ́yìn mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n jókòó níwájú, wọ́n wá bẹ́líìtì títí ọwọ́ wọn fi tẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ bá wọn dè é, wọ́n gbá ọwọ́ mi dànù. Wọ́n dè é fúnra wọn, ó gbà wọ́n lákòókò. Wọ́n fẹ̀yìn tì.

"Mo ti jókòó," wọ́n ní. "Dáadáa. Kí ló kù?"

N kò tíì ki kọ́kọ́rọ́ bọ mọ́tò. Mo ka àdúà ìrìnàjò jẹ́jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí Ààfáà wa ṣe kọ́ mi. Mo parí, mo sì dúró.

"Àmín," ni Ẹ̀gbọ́n wí. Ohùn wọn kò tíì lágbára, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ ketekete. Nígbà náà ni mo tó tan mọ́tò.