Àpò Háhá Nínú Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Mi

Ìrẹsì ni mò ń tà kí wọ́n tó ti bodè. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá mi ní Òkè-Ọ̀dàn ni mo máa ń to àpò sí, láti ẹnu páálọ̀ títí dé ẹ̀gbẹ́ balùwẹ̀ tó wà ní ìparí. Àwọn ayálégbé wà ní yàrá méjì, èmi àti Bàbá la ni ìyókù. Ojú Bàbá ti fọ́ tán nígbà náà. Tíṣà ni wọ́n, wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, wọ́n wá dẹni tí kò rí ọwọ́ ara wọn mọ́. Wọ́n á ní, "Ojú lọba ara. Ọba tèmi ti wàjà."

Gbogbo ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ló rí bákan náà lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan Bàbá ń táràrà wá balùwẹ̀ kiri, ni wọ́n bá ṣi ilẹ̀kùn mọ́ obìnrin ayálégbé kan níbi tó ti ń pààrọ̀ aṣọ. Obìnrin náà figbe ta. A bẹ̀ ẹ́, ó gbà, ṣùgbọ́n ìtìjú yẹn ò kúrò lára Bàbá. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa mú wọn lọ. "Kí ọmọ tí mo bí máa fà mí lọ́wọ́ lọ tọ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Bí Bàbá bá ti sọ irú ìyẹn, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Àjàṣẹ́, lódìkejì bodè, ló wá ojútùú sí i. Ó ya àwòrán gbogbo kọ̀rọ̀ ilé, ó kó wọn sínú fóònù kan, ó sì so fóònù náà kọ́ Bàbá lọ́rùn kí ojú rẹ̀ máa wo iwájú. Ohun tí fóònù bá rí, á fi wé àwọn àwòrán yẹn, á wá fi ohùn àbúrò mi sọ ibi tí Bàbá wà: "Ẹ ti kúrò ní páálọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ wà." Bàbá rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ gbà mí o, ọmọ yìí ń dà mí bí ẹni da ẹran!" Ṣùgbọ́n wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọn ò bẹ ẹnikẹ́ni. Mo máa ń gbọ́ ohùn yẹn láti ìdí ààrò, inú mi á sì dùn.

Ni wọ́n bá ti bodè gbọn-in. Kò pẹ́ tí àpò mi fi tán nílẹ̀, n ò sì rí òmíràn rà. Mo ń sunkún ọjà mi, n ò mọ̀ pé àwọn àpò yẹn ni fóònù fi ń dá ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ̀. Ògiri lásán ló kù, ọ̀dà kan náà ló wà lára gbogbo rẹ̀. Bàbá á dé ẹnu yàrá ayálégbé, fóònù á ní balùwẹ̀ ni. Wọ́n á wá dúró sójú kan, wọn ò ní mọ ilẹ̀kùn tí wọn ó ṣí. Mo pe àbúrò mi. Ó ní òun nìkan ló lè fi àwòrán tuntun sí i, fóònù sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ òun. Ó ti gbìyànjú àtiwálé, wọ́n dá a padà lójú ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n mi, àfi kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ padà rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀."

Ó dáa. Mo ṣa òfìfo àpò ìrẹsì jọ lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò. Mo rọ háhá àgbàdo àti èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ kún inú wọn, mo rán ẹnu wọn, mo tò wọ́n bí mo ṣe máa ń to ọjà. Mo gbé fóònù síwájú àwọn àpò náà. "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ wà," ló wí. Mo fò sókè! Bàbá dìde lórí àga, wọ́n ní, "Ó yá, ẹ yàgò fún mi." Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀.

Ta ló lọ ròyìn pé mo kó ìrẹsì fàyàwọ́ pamọ́? Ẹni náà á jèrè ẹnu rẹ̀. Àwọn ọkùnrin oníbọn kan já wọlé lọ́sàn-án gangan, aṣọ wọn ò bára mu, wọn ò sì sọ ibi tí wọ́n ti wá. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá, háhá ni!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan fi ọ̀bẹ ya àpò, háhá dà sílẹ̀. Ó ya òmíràn, háhá ni. Kàkà kí ọkàn wọn rọ̀, ńṣe ni inú ń bí wọn, wọ́n ní mo fi àwọn ṣẹ̀sín, wọ́n ya gbogbo rẹ̀ pátá.

Bàbá gbọ́ ariwo, wọ́n jáde, fóònù wà láyà wọn, ó dojú kọ àwọn ọkùnrin náà. "Bàbá yìí ń ya fídíò wa!" Kí n tó la ẹnu pé afọ́jú ni Bàbá, ọ̀kan ti já fóònù lọ́rùn wọn, ó là á mọ́lẹ̀, ó fi bàtà tẹ̀ ẹ́ rún. Mo bú wọn, mo ṣépè lé wọn títí dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti lọ. Bàbá dúró láàrin háhá, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, wọn ò rí nǹkan kan dì mú.

Bodè ò ṣí, àbúrò mi ò lè wá. Mo ní kí Bàbá jẹ́ kí n máa dì wọ́n lọ́wọ́ mú títí Ọlọ́run á fi ṣe é. Wọ́n fa ọwọ́ wọn kúrò lọ́wọ́ mi. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé ife omi tí mo bá gbé kalẹ̀ láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ń wà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí wọn ò bá mu omi, wọn ò ní tọ̀. Bí wọn ò bá tọ̀, ọmọ ò ní fà wọ́n lọ́wọ́. Ètè wọn ti sán. Mo kúnlẹ̀, mo gbé omi sí wọn lẹ́nu, mo ń bẹ̀ wọ́n bí ẹni ń bẹ ọmọ ọwọ́. Wọ́n yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Òùngbẹ ò gbẹ mí, ọmọ mi."