Ràúdátù Tó Ń Sin Agbọ́n Nílé Alágbàdo

Àfòpiná kan bà lé fìlà funfun Àlhájì Gàní níbi tó ti ń mu kókó láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, àyà Ràúdátù ọmọ rẹ̀ sì já. Àfòpiná náà kéré, àwọ̀ eérú ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ju hóró ìrẹsì lọ. Ẹlòmíràn á kàn fọwọ́ gbá a dànù. Ṣùgbọ́n Ràúdátù mọ irú rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń mọ ewúrẹ́ ilé ẹni, nítorí irú rẹ̀ ló ń sìn nínú yàrá ẹ̀yìnkùlé, bàbá rẹ̀ kò sì mọ̀.

"Kí lò ń wò lórí mi?" ni Àlhájì bi í.

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá."

"Àfòpiná ni," ni ìyá rẹ̀, Àlhájà Salimat, dá sí i. "Ó fẹ́ bá yín lọ kírun Jímọ̀."

Àlhájì ṣí fìlà, ó gbọ̀n ọ́n nù, ojú rẹ̀ sì le. "Mo rí irú rẹ̀ nínú sítọ́ọ̀ lánàá. Tí mo bá ti kírun dé lónìí, màá fi oògùn sí i, màá sì ti ilẹ̀kùn pa. N kò ní jẹ́ kó dọ̀la."

Ràúdátù gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Kò lè mu kókó tirẹ̀ mọ́.

Ó ti lé díẹ̀ lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún. Ọjà Ipata ni bàbá rẹ̀ ti ń ta àgbàdo àti ọkà bàbà kí wọ́n tó bí i, òun nìkan nínú àwọn ọmọ ló sì yà sídìí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Nígbà tó jáde nílé ẹ̀kọ́, ó bá àwọn kan ṣiṣẹ́ lórí agbọ́n kan tó kéré débi pé, bí ó bá wà ní àtẹ́lẹwọ́, èèyàn á rò pé eruku ni. Agbọ́n yìí kì í ta èèyàn. Ẹyin kòkòrò tí ń jẹ ọkàn àgbàdo ló máa ń wá kiri. Á yé ẹyin tirẹ̀ sínú ẹyin kòkòrò náà, ọmọ agbọ́n á jẹ inú rẹ̀ tán, ẹyin náà á sì dúdú. Dípò kí kòkòrò jáde, agbọ́n ni yóò jáde. Nígbà tí iṣẹ́ yẹn parí, tí àwọn ọ̀gá palẹ̀ mọ́, Ràúdátù bẹ̀ wọ́n, ó gba díẹ̀ nínú agbọ́n náà, ó gbé e wálé. Àwọn àgbẹ̀ abúlé kan lójú ọ̀nà Ṣáó gbọ́, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Àǹtí Alágbọ́n.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé agbọ́n kì í dá wà. Kó tó lè bímọ, ó gbọ́dọ̀ rí ẹyin tí yóò yé sí, ẹyin tó sì rọrùn jù láti rí lọ́pọ̀ ni ti àfòpiná tí ń ba ọkà jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé, nínú ilé tó jẹ́ pé ọkà ló ń bọ́ wọn, Ràúdátù ń fi ọkà bàbà lílọ̀ bọ́ ọ̀tá ọkà nínú àwọn ike tó fi aṣọ dè lẹ́nu. Ó ń gba ẹyin wọn, ó ń fi góòmù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí kéékèèké, ó sì ń gbé páálí náà fún agbọ́n. Ìyá rẹ̀ mọ̀. Bàbá rẹ̀ gbọ́ pé kòkòrò rere kan wà nínú yàrá náà. Kò béèrè ohun tí kòkòrò rere ń jẹ. Èyí tó wá burú jù ni pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá ọ̀hún àti sítọ́ọ̀ Àlhájì, òrùlé kan náà ló sì bò wọ́n. Oògùn tí wọ́n bá fi sí sítọ́ọ̀ kò ní ṣàì gba òkè ògiri wọlé bá agbọ́n.

Páálí tí ẹyin ara rẹ̀ ti dúdú sì wà nínú yàrá náà lọ́wọ́. Ọjọ́ Àìkú ló ti ṣèlérí pé òun yóò kó wọn dé oko Àáfà Abdulkadir, olórí àwọn àgbẹ̀ náà. Àná ni Àáfà pè é pé, "Àǹtí Alágbọ́n, ẹyin kòkòrò ti kún abẹ́ ewé o. Bí wọ́n bá fi lè pa ọmọ, a gbé."

Ràúdátù lọ, ó bọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó tún padà. Bó bá dákẹ́, agbọ́n yóò kú. Bó bá sọ̀rọ̀, kò mọ ohun tí bàbá rẹ̀ yóò ṣe. Níkẹyìn, ó tọ̀ ọ́ lọ nínú sítọ́ọ̀, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Àfòpiná wà nínú yàrá mi."

"Ó wà nínú sítọ́ọ̀ náà. Ohun tí mo ṣe fẹ́ fi oògùn sí i nìyẹn."

"Èmi ni mò ń sìn wọ́n, Bàbá."

Àlhájì yíjú sí i. "Ò ń sin kí ni?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Àlhájì kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

"Subuhánálláhì! Nínú ilé Gàní! Ọmọ darandaran tó ń bọ́ ìkookò!"

"Inú ìdọ̀tí tí mo gbá kúrò ní sítọ́ọ̀ yín ni mo ti rí ìyá wọn, Bàbá." Ọ̀rọ̀ náà ti já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

Àlhájà Salimat, tó ti ń gbọ́ wọn láti ẹnu ọ̀nà, fi ìborùn bo ẹnu. "Ẹ ò gbọ́? Ará ilé yín náà ni wọ́n."

Àlhájì kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ lé àpò kan. "Bó bá jẹ́ tèmi nìkan ni, ǹ bá ṣe sùúrù fún ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àpò tó wà níbí kì í ṣe tèmi. Àwọn èèyàn kó wọn fún mi kí n bá wọn tọ́jú wọn di ìgbà ọ̀wọ́n. Àmáánà ni. Ọlọ́run á bi mí." Ó mí kanlẹ̀. "Agbọ́n tó o wí yìí, ṣé kì í jẹ ọkà?"

"Kì í jẹ ẹ́, Bàbá."

"Kó agbọ́n rẹ jáde kí n tó ti mọ́ṣáláṣí dé. Àfòpiná kò ní bá ọ lọ. Ibi tí wọ́n wà nínú ike yẹn ni oògùn yóò bá wọn."

Ràúdátù mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Láìsí àfòpiná, kò sí ẹyin. Agbọ́n tó wà lára páálí wọ̀nyí ló kù láyé fún un, àfi tí wọ́n bá rí ẹyin kòkòrò yé sí nínú oko kí wọ́n tó kú.

Ó kó páálí sínú kúlà, ó fi aṣọ tútù yí i ká, ó sì wọ takisí. Awakọ̀ náà, Abdulmateen, ń wò ó nínú dígí.

"Àǹtí, kí lẹ gbé mọ́yà bí ọmọ ìkókó?"

"Agbọ́n ni."

Ó tẹ búréèkì. "Agbọ́n? Nínú mọ́tò mi?"

"Kì í ta èèyàn."

"Bí gbogbo agbọ́n ṣe máa ń sọ nìyẹn kí wọ́n tó ta èèyàn."

Wọn kò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi bá àwọn olùjọ́sìn tó ti tẹ́ ẹní dí títì. Abdulmateen pa mọ́tò, ó mú kẹ́tù àlùwàlá. "Ẹ ní sùúrù, Àǹtí. Jímọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá mi." Ó sì lọ.

Oòrùn ń jó orí mọ́tò. Ràúdátù gbé kúlà bọ́ sílẹ̀, ó sáré lọ sábẹ́ igi máńgòrò kan, ó sì rọra ṣí ìdérí díẹ̀. Lórí ọ̀rá tó fi bo páálí, eruku dúdú kan ń rìn. Ó wò ó dáadáa. Ooru ti jí wọn ṣáájú àkókò. Wọ́n ti ń jáde, ẹ̀mí wọn kò sì gùn. Ìmáámù ń ka wáàsí lọ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ràúdátù, tó mọ̀ pé kò tọ́, ń bẹ Ọlọ́run kí wáàsí náà tètè parí.

Ìgbà tó dé oko, Àáfà Abdulkadir ti gbé ẹ̀rọ ìfọ́n oògùn kòkòrò pọ̀n. Òórùn oògùn ti gba apá òkè oko náà.

"Àǹtí Alágbọ́n! Ọjọ́ Àìkú lo wí. Ọkàn mi kò lè dúró dè ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, Àáfà, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ fi apá odò sílẹ̀ fún mi."

"Bí wọn kò bá wá ṣiṣẹ́ ńkọ́? Ìwọ lo máa bọ́ àwọn ọmọ mi?"

Ràúdátù na kúlà sí i. Àáfà wo ojú rẹ̀, ó wo kúlà, ó sì sọ ẹ̀rọ náà kalẹ̀. "Apá odò nìkan o. Bí mo bá rí kòkòrò níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, n kò ní pè ọ́ kí n tó fọ́n ọn."

Àwọn méjèèjì so páálí mọ́ abẹ́ ewé títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti apá òkè, Ràúdátù sì ń gbóòórùn oògùn bí ẹni ń gbóòórùn iná.

Láàárín àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ìkíni nìkan ló ń kọjá láàárín òun àti bàbá rẹ̀. Wọ́n ti kó àwọn ike dànù. Lálẹ́ ọjọ́ kan, Àlhájì bi í láìwojú rẹ̀ pé, "Ṣé wọ́n dé oko láàyè?" Ó ní, "Wọ́n dé, Bàbá. N kò mọ̀ bóyá wọ́n ṣì wà." Àlhájì mi orí.

Lọ́jọ́ Àlàrùbá, Ràúdátù padà sí oko. Ewé tó kọ́kọ́ ṣí, ẹyin abẹ́ rẹ̀ ti pa, àwọn ọmọ kòkòrò sì ti ń họ ewé jẹ. Èkejì, bákan náà. Ó súnmọ́ odò, ó ṣí òmíràn, ó sì dúró bí òpó.

Àáfà bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Kí ló dúdú báyìí? Ìdọ̀tí ni?"

"Àwọn ni, Àáfà. Àwọn ló wà nínú ẹ̀."

Kì í ṣe gbogbo ewé ló rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni dúdú ń pọ̀ sí i. Àáfà kò tún sọ̀rọ̀ oògùn mọ́. Ràúdátù gé díẹ̀ lára àwọn ewé náà sínú ike, ó de ẹnu rẹ̀, ó sì dúró, kò mọ ibi tí yóò gbé e lọ.

"Yàrá kan wà tí a ń kó ọkọ́ sí," ni Àáfà wí. "Kò sí hóró àgbàdo kan nínú rẹ̀ títí di ìkórè."

"Bí ìkórè bá wá dé ńkọ́?"

"Nígbà náà, àwa náà á mọ bí a ṣe máa bá ọ jà."

Ràúdátù rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n bó ti ń wọlé ni ojú rẹ̀ ti ń wá ibi tí ògiri ti sán, tí àfòpiná lè gbà jáde.