Erékùṣù Tí Yanrìn Rẹ̀ Dúdú

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí à ń gbé nínú agbo ilé kan ní Zogbeli, àdúgbò kan ní Tamale, ní ilẹ̀ Ghana, ọkùnrin àgbàlagbà kan wà ní yàrá tó kángun sí ẹnu ọ̀nà, tí àwa ọmọdé ń pè ní Bàbá Erékùṣù. Télọ̀ ni. Kí ó tó wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Tamale, ó ti ṣiṣẹ́ ní Fẹnandopó, erékùṣù kan láàárín òkun, níbi tí wọ́n ti ń gbin kòkó.

Ẹ̀yin ọmọ mi, kò sí ẹni tó rí òkun rí nínú wa. Ọyẹ́ tó ń la ètè la mọ̀, àti títò fún omi. Nítorí náà, bí a bá ti jáde ní ilé-kéwú, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni à ń sáré lọ. Á ní yanrìn etí òkun ibẹ̀ dúdú bí èédú tí wọ́n lọ̀, torí pé òkè ibẹ̀ ti pọ iná jáde rí. Á ní òkè náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí ìkùukùu kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Apá kan wà ní erékùṣù náà tí òjò ti máa ń rọ̀ débi pé aṣọ kì í gbẹ. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ìjàpá òkun, tó tóbi ju ọpọ́n ìfọṣọ lọ, tó máa ń wọ́ jáde wá gbẹ́ ihò, tí á yé ẹyin síbẹ̀, tí omi á máa dà lójú rẹ̀. Èmi ni mo máa ń ní, "Bàbá, ẹ tún ti ìjàpá yẹn sọ."

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà máa ń gbọ́. Ó ti tó bí ọmọ ogún ọdún, ó ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Kì í jókòó tì wá, ẹnu ọ̀nà ló máa ń fara tì. Lọ́jọ́ kan, ó béèrè ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ síbẹ̀. Bàbá ní Kàlàbá ni, pé àwọn tó ń kó òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà tí a jí, tí a kò bá a lórí ẹní rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sọ fún wa pé ó ti ń lọ sí Fẹnandopó, pé ọdún méjì ni yóò lò.

Ìyá mi lọ bá Bàbá Erékùṣù nídìí iṣẹ́.

"Bàbá, ibi tí ẹ ń ròyìn fún àwọn ọmọ yìí, ọmọ mi ti gba ibẹ̀ lọ o. Ṣé ibẹ̀ dáa?"

Ó dáwọ́ ìránṣọ dúró. Ó bọ́ bùbá rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa. Àpá kún ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn dé ìbàdí, bí ebè oko.

"Pàṣán ni," ó ní. "Tí èèyàn bá ti fi àtàǹpàkò tẹ ìwé àdéhùn iṣẹ́ wọn, kò lè kúrò mọ́. Inú oko kòkó yẹn ni wọ́n sin púpọ̀ nínú àwọn tá a jọ lọ sí."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?" Ìyá mi pariwo débi pé àwọn ará ilé kejì jáde.

"Ojú ló ń tì mí. Èyí tó dáa níbẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ máa rántí."

Lọ́jọ́ náà gan-an ni bàbá mi wọ lọ́rì lọ sí Kumasi, ó sì gba ibẹ̀ dé Accra. Òun nìkan ló padà, eruku bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo la rí gbà. Ẹ̀gbọ́n mi ní òjò pọ̀ níbẹ̀, pé òun ti rí ìjàpá náà. Ìyá mi mú kí wọ́n kà á fún un títí bébà fi ya, ó ń wá ohun tí ọmọ rẹ̀ kò kọ. Ní ọdún kẹta, ọkùnrin kan tó ti ibẹ̀ dé wá sọ fún wa pé ibà ló pa á. Wọ́n sin ín sínú oko kòkó níbẹ̀, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Bàbá Erékùṣù kò ròyìn mọ́. Kò sí ọmọ tó tún lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi náà máa ń kọjá níwájú rẹ̀ láìkí i, ìyẹn sì ń dùn mí títí dòní. Nígbà tó kú, ìyá mi ló gbé omi tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́.

Ayé ti yí padà. Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi tó ń gbé ní àdúgbò Kpalsi na fóònù rẹ̀ sí mi. "Kàká," bó ṣe ń pè mí nìyẹn, "ẹ wo ibi tí mo ti fẹ́ lọ lo họ́lídè mi." Ó ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò: yanrìn dúdú, òkè inú ìkùukùu, ìjàpá. Fẹnandopó náà ni, òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Láyé tiwa, ẹnu ẹnìkan la ti ń gbọ́ ìròyìn ibi tó jìnnà. Lónìí, ẹ ń rí àwòrán ibẹ̀ kí ẹ tó gbéra, ẹ sì ń pe ìyá yín bí bàálù bá ti balẹ̀. Síbẹ̀, fóònù náà kò sọ nípa àwọn tó wà nínú ilẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́.

Ó gbé fóònù náà sílẹ̀. "Ṣé kí n má lọ mọ́ ni?"

Mo ní kó lọ. Mo kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sórí bébà fún un, mo ní kó ka Fátíhà fún un nídìí igi kòkó èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ rí, torí kò sí ẹnì kankan nínú wa tó mọ igi tí wọ́n sin ín sábẹ́ rẹ̀.