Ìkòkò Mẹ́ta, Àwọ̀ Méjì

Àgbò Iléyá já okùn, ó gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá, gbì gbà gbì la kàn ń gbọ́. Kí a tó sáré débẹ̀, ìkòkò aró mẹ́ta ti dojú dé, omi pupa, omi àlùkò àti omi àwọ̀ ọsàn ti dà pọ̀ sílẹ̀. Àgbò náà dúró láàárín wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n, ó ń wò wá bí ẹni pé àwa la ṣẹ̀ ẹ́. Òórùn ìko tútù gba gbogbo àgbàlá.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ni àwọn ìkòkò náà. Ẹní aláràbarà ló ń fi ìko hun ní Ìlobùú. Yóò po àwọ̀ oníyẹ̀fun tí wọ́n ń rà ní Òṣogbo sínú omi gbígbóná, yóò ki ìko bọ̀ ọ́, yóò sì sá a sórí okùn. Ìkòkò mẹ́fà, àwọ̀ mẹ́fà.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ẹní ìyàwó kan ní Ìfọ́n ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà láàárín ìlú méjèèjì, ó sì ti pẹ́ tí ará Ìfọ́n ti bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ gbẹ̀yìn. Bí ẹní náà kò bá pé àwọ̀, wọ́n á ní ará Ìlobùú mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Ìyá mi wo ohun tó ṣẹ́ kù. "Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́, Màmá. Mẹ́ta kù: búlúù, yẹ́lò, àti àwọ̀ ewé."

"Méjì ló kù," ni Ìyá àgbà wí.

Mo rò pé ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Mo tún un kà sókè. Ó rẹ́rìn-ín, ó fà mí létí.

"Ta ló bí àwọ̀ ewé? Ṣebí búlúù àti yẹ́lò ni mo pò pọ̀ níṣojú rẹ. Ìwọ ń ka ìkòkò. Èmi ń ka àwọ̀ tí àwọn yòókù ò lè bí."

Ó ní kí n wá pupa nínú méjèèjì. Olórí kunkun ni mí, mo gbà. Mo bu púpọ̀ nínú èyí, mo bu díẹ̀ nínú ìyẹn, mo tún yí i padà. Gbogbo oríṣiríṣi ewé ni mo rí nínú igbá mi, n kò rí pupa.

"Bó o pò ó di Iléyá ọdún tó ń bọ̀, kò ní pọ́n," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n bí pupa bá wọlé, á bá búlúù bí àlùkò, á bá yẹ́lò bí àwọ̀ ọsàn. Pupa nìkan la ń wá."

Bàbá mi gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Òṣogbo, ó padà lọ́wọ́ òfo. Ẹni tó ń ta àwọ̀ ní pupa ti tán, àfi lẹ́yìn Iléyá. Ìyá àgbà jókòó ti ìko rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ìbẹ̀rù lójú rẹ̀, ẹ̀rù sì ba èmi náà.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá ìyàwó dé láti Ìfọ́n wá wo iṣẹ́. Ìyá mi fẹ́ fọ̀rọ̀ pa mọ́. Ìyá àgbà kọ̀, ó mú obìnrin náà lọ sẹ́yìnkùlé.

"Ẹ wò ó fúnra yín. Àgbò wa ló ṣe é. Gbogbo ohun tó wà nílé mi, n kò lè fi bí pupa."

Obìnrin náà wo ìkòkò, ó wo ẹsẹ̀ àgbò, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ṣé pupa nìkan ló ń da yín láàmú? Pòròpórò ọkà bàbà, èyí tí omi rẹ̀ máa ń pọ́n, kún abà wa. Tẹ́ ẹ bá fi kánún sè é, ṣé kò ní mú ìko?"

"Á mú un dáadáa!" Ìyá àgbà ti dìde.

Kí oòrùn tó wọ̀, ìyá ìyàwó ti gbé e dé láti Ìfọ́n. Omi náà hó, ó pọ́n ju ti oníyẹ̀fun lọ. Ẹní ìyàwó pé àwọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, pupa inú rẹ̀ sì jẹ́ ti oko Ìfọ́n.

Nígbà tí mo dé yunifásítì, olùkọ́ wa kọ ìlà nọ́ńbà mẹ́ta sójú pátákó, ó pè é ní mátíríìsì, ó béèrè ráǹkì rẹ̀, ìyẹn iye ìlà tí àwọn yòókù ò lè bí. Ìlà kẹta jẹ́ àròpọ̀ méjì àkọ́kọ́. Mo ti pariwo "méjì" kí ó tó gbé ṣọ́ọ̀kì kúrò. Ìkòkò àwọ̀ ewé ni mo rí. Nígbà tó sì ń ṣàlàyé ààyè fẹ́kítọ̀, gbogbo ibi tí èèyàn lè dé pẹ̀lú ohun tó ní lọ́wọ́, inú igbá mi àtijọ́ ni mo wà.

Èmi náà ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣirò báyìí. Ṣùgbọ́n ibi ìpàdé ni ẹ̀kọ́ náà ti wúlò fún mi jù. Bí mo bá wò yíká, tí mo rí i pé a pọ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n ohun kan náà ni gbogbo wa ń sọ, mo máa ń ní kí wọ́n dákẹ́ ná, ká ránṣẹ́ sí Ìfọ́n lọ mú pupa wá.